Láptọ́ọ̀pù Tí Màmá Mi Sá Sáàárín Kòkó

Àǹtí Fẹ́yìsayọ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Àwọn ló ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Òdòdè, ní Ìdànrè níbí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Bí ọ̀rọ̀ mi bá wọ́ níbì kan, ẹ bá mi nà án.

Ẹ̀gbọ́n mi Ọlọ́runtóbi kú ní àsìkò òjò tó kọjá. Ọ̀kadà ni, lójú ọ̀nà Ofosu. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ló máa ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tiwa, ní Atosin. Láptọ́ọ̀pù kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ ló máa ń kọrin sí, nínú yàrá tí àwa méjèèjì jọ ń sùn. Fóònù rẹ̀ fọ́ lọ́jọ́ tó kú. Ohùn rẹ̀ kò sí níbòmíràn mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, òrùlé jò sórí láptọ́ọ̀pù náà. Màmá mi rí omi lára rẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n. Ohun tó bá tutù, oòrùn ló ń wò ó sàn lójú tiwọn. Wọ́n gbé e lọ sórí sìmẹ́ńtì tí a ti ń sá kòkó, wọ́n ṣí i, wọ́n tẹ́ ẹ sáàárín kòkó. Nígbà tí mo fi máa ti oko dé, ó gbóná bí irin alágbẹ̀dẹ. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó dún pí, pí, pí. Ojú rẹ̀ dúdú.

"Jùwọ́n, kí ló ń wí?" ni Màmá bi mí.

Mi ò mọ ohun tó ń wí. Mo gbé e sínú àpò, mo gun ọ̀kadà lọ sí Òdòdè.

Mo bá Àǹtí Fẹ́yì níbi tí wọ́n ti ń jẹ bọ̀ọ̀lì. Obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún ni wọ́n. Òwú ni wọ́n fi so awò ojú wọn mọ́rùn. Mo sọ orúkọ mi, mo ro ẹjọ́ mi. Ẹ̀rín pa wọ́n títí bọ̀ọ̀lì fi bọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Wọ́n sá a bíi kòkó? Ṣé wọ́n tiẹ̀ yí i padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ?"

"Wọ́n yí i, mà."

"Yéè! Ìyá ẹ ò ṣe iṣẹ́ ìdajì." Wọ́n nu ojú. "Ta ló ni ín?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Tóbi."

"Tóbi olórin?" Ẹ̀rín tán. "Háà. Má bínú, àbúrò mi. Kí lo ń wá nínú rẹ̀?"

"Ohùn rẹ̀."

Wọ́n tẹ́ aṣọ sórí tábìlì bí ẹni fẹ́ gbé ọmọ tuntun lé e. Wọ́n fa àpótí kan sí ẹ̀gbẹ́ wọn. "Jókòó síbí. Bí nǹkan kan ò bá yé ọ, bi mí. Ẹni tó bá dákẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń sùn ni."

Mo bi wọ́n. Ó ti pẹ́ tí ohun kankan ti wù mí í bi.

Iná ojú ògiri ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Wọ́n ki wáyà fìtílà kan bọ̀ ọ́, ó tàn. Wọ́n wo ṣájà. Gílóòbù kékeré ara rẹ̀ tàn. Mo ní kí ló dé tí wọn ò tú ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti tú kọ̀ǹpútà palẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé wáyà ògiri ló jó.

"Pí, pí tó ń ké yẹn ńkọ́, mà?"

"Èyí tó kú pátápátá kì í ké. Eléyìí ń sọ ibi tó ń dùn ún ni. Bó ṣe ń ké yìí, ràámù ni."

Wọ́n yọ bátìrì. Wọ́n tú ẹ̀yìn. Kí wọ́n tó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sí irin ojú fèrèsé, wọ́n dì í mú díẹ̀. Mo ṣí fìlà.

"Àmín," ni mo wí.

"Àmín kí ni?"

"Mo rò pé ẹ ń gbàdúrà ni."

Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. "Jùwọ́n! Nígbà ọyẹ́, bí o bá ń bọ́ ẹ̀wù, ṣé o máa ń gbọ́ ta-ta-ta?"

"Mo máa ń gbọ́ ọ."

"Iná nìyẹn. Ìwọ ò kà á sí. Ó lè pa ràámù. Irin yìí ló ń gbà á lára mi." Wọ́n fọwọ́ kan irin náà lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ṣùgbọ́n àmín náà dáa. Fi kún un."

Ràámù ò ju ìka ọwọ́ mi méjì lọ. Ó ní eyín wẹ́ẹ́rẹ́ bíi góòlù. Omi ti jẹ́ kí eyín náà dúdú. Mo bi wọ́n bóyá ibẹ̀ ni ohùn ẹ̀gbọ́n mi wà.

"Rárá. Bí ilẹ̀ bá ṣú, kí lẹ ń ṣe sí kòkó tó wà lórí sìmẹ́ńtì?"

"A ń kó o wọlé ni."

"Sìmẹ́ńtì yẹn ni ràámù. Iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe lọ́wọ́, orí rẹ̀ ló ń tẹ́ ẹ sí. Iná lọ báyìí, gbogbo rẹ̀ dànù. Yàrá tí ẹ ń kó àpò sí, háàdì dísìkì nìyẹn. Iná lọ, iná dé, ohun tó wà níbẹ̀ ò lọ ibì kan."

"Bí sìmẹ́ńtì bá kéré ńkọ́?"

"Díẹ̀díẹ̀ lẹ ó máa sá a. Ohun tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mìíràn máa wọ́ bí ìgbín nìyẹn."

"Ẹni tó kọrin tí kò kó o wọlé ńkọ́?"

"Òjò ti gbé tiẹ̀ lọ."

Ṣé Tóbi kó tiẹ̀ wọlé? Mi ò mọ̀.

Írésà àwọn ọmọ iléèwé ni wọ́n fi ń nu eyín ràámù. Bí wọ́n ti ń nù ún ni mo bi wọ́n ibi tí wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Ará Ìkirè ni bàbá wọn. Oko kòkó olóko ló gbé wọn dé Ìdànrè. Títáìpù ni Àǹtí Fẹ́yì fúnra wọn kọ́kọ́ kọ́. Ìwé ètò ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń tẹ̀, kọ̀ǹpútà wọn sì ń kú ṣáá. Wọ́n á gbé e lé itan nínú takisí, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe ní Àkúrẹ́. Wọ́n ní kí ọ̀gá ibẹ̀ jẹ́ kí àwọn máa wò ó. Ọ̀gá ní kí wọ́n lọ ra oúnjẹ wá fún òun.

"Mo rà á, mo padà wá wò. Ọdún méjì ni mo fi ra oúnjẹ, àbúrò mi. Ọkùnrin yẹn sanra!"

Títí dòní, àwọn kan á gbé kọ̀ǹpútà wá, wọ́n á ní, "Ọ̀gá dà?" Àǹtí Fẹ́yì á ní ọ̀gá jáde. Bí wọ́n bá padà wá, Àǹtí Fẹ́yì á ní ọ̀gá ti tún un ṣe, ọ̀gá tún ti jáde.

Wọ́n tẹ ràámù padà sáyè rẹ̀. Ó dún kẹ́. Wọ́n ní kí n tan ẹ̀rọ náà fúnra mi. Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀! Mo pariwo. Lẹ́yìn náà la gbọ́ kọ́, kọ́, kọ́ nínú rẹ̀. Àǹtí Fẹ́yì pa á kíákíá.

"Ẹ má pa á, ẹ jọ̀ọ́!"

"Gbọ́ mi. Dísìkì ló ń kanlẹ̀ yẹn. Àwo kan ń yí nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ kan ń ka ohun tó wà lórí àwo náà. Oòrùn ti bá a jà. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù tó máa ṣí. Bí a bá jókòó tì í tí a ń gbọ́ orin, ẹnu orin àkọ́kọ́ ló máa kú sí. Ká kó wọn jáde ná, ká tó gbọ́."

Wọ́n yọ dísìkì náà, wọ́n fi wáyà kan so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù tiwọn. Wọ́n jáde lọ tan jẹnẹrétọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná wà. Wọ́n ní àwọn ò gbẹ́kẹ̀ lé iná ìjọba lórí irú èyí.

Ó ṣí. Mo rí i: ORIN TÓBI. Ó ti kó o wọlé. Ọwọ́ mi ti wà lórí rẹ̀ kí n tó mọ̀. Kí n ṣáà tẹ̀ ẹ́, kí n gbọ́ ẹyọ kan.

"Jùwọ́n. Gbé ọwọ́ kúrò."

Ó le. Mo gbé e kúrò. Mo jókòó lé e lórí.

Wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà wọn máa kó orin náà. Ìlà aláwọ̀ ewé kan bẹ̀rẹ̀ sí rìn lójú rẹ̀, bó ti ń kó wọn ló ń gùn sí i. Ó rìn, ó dúró. Kọ́, kọ́. Ó tún rìn. Ìlà náà ti kọjá ìdajì dáadáa nígbà tí dísìkì ké fíìn, ó sì dákẹ́. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n jẹ́ kó tutù, wọ́n tún so ó. Wọ́n tún gbìyànjú. Kò dáhùn.

"Ó ti lọ," ni wọ́n wí. "Èyí tí a rí kó la rí kó."

Wọ́n ti láptọ́ọ̀pù wọn sí iwájú mi. "Ó yá, tẹ̀ ẹ́ wàyí."

Mo tẹ àkọ́kọ́. Ẹnì kan wúkọ́. Lẹ́yìn náà:

"Jùwọ́n, pa fáànù yẹn jàre. Ariwo rẹ̀ ń wọ inú orin mi."

Mo gbọ́ ohùn èmi fúnra mi: "Ooru ń mú mi o."

Tóbi rẹ́rìn-ín. "Ọ̀lẹ." Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọrin.

Àǹtí Fẹ́yì dìde. Wọ́n jáde lọ pa jẹnẹrétọ̀, kí n lè gbọ́ ọ dáadáa.