Kéèsì Oníná Tí Mo Gbé Wọ Palọ̀ Bàbá

Ọkọ mi ti sọ ọ́ kí n tó rà á. Ẹ jẹ́ n yáa fẹnu ara mi sọ ìyẹn ná, kó má baà jẹ́ pé òun ni yóò sọ ọ́ fún yín. Ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, eléyìí ti mọ́lẹ̀ jù o." Mo dá a lóhùn pé ojú rẹ̀ ni kò mọ́lẹ̀ tó.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Ìwó níbí ni pé mo máa ń tún wáàsí ṣe. Àwọn ààfáà á ṣe wáàsí, wọn á gbé ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ wá fún mi, èmi á yọ igbe adìyẹ àti ariwo jẹnẹrétọ̀ kúrò níbẹ̀, màá sì kó o sórí mẹ́mọ́rì fún àwọn tó ń tà á. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe é, kò sí ọkùnrin tó máa wọlé tí kò ní yọjú wo ẹ̀yìn mi, bóyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀. "Ẹ ǹlẹ́ o. Ọ̀gá dà?" Ọ̀gá wo? Èmi tí ẹ̀ ń wò yìí ńkọ́? Ó máa ń dùn mí débi pé màá fẹ́rẹ̀ẹ́ lé oníbàárà jáde.

Nígbà tí láptọ́ọ̀pù mi wá kú pátápátá, mo ní n ò ní ra òmíràn mọ́. Kọ̀ǹpútà ńlá, èyí tí wọ́n ń gbé ka orí tábìlì, ni màá fọwọ́ ara mi tò. Mo ń ra àwọn ohun inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn, mo ń kó wọn sínú páálí bisikíìtì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wá ku kéèsì, ìyẹn àpótí tí gbogbo rẹ̀ máa wọ̀ sí.

Méjì ló wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí èmi àti ọkọ mi lọ. Ọ̀kan jẹ́ irin dúdú, ó ti lo ayé rẹ̀ ní ọ́fíìsì kan, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti jin wọnú. Ìkejì ní gíláàsì ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní fáànù níwájú, iná sì wà lára fáànù kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin tó ń tà á ò tiẹ̀ polówó. Ó kàn tan án ni. Pupa di àwọ̀ ewé, àwọ̀ ewé di àwọ̀ aró, àwọ̀ aró di oríṣi kan tí n ò mọ orúkọ rẹ̀. Ọkọ mi nawọ́ sí ti irin, ó ní òun ló máa pẹ́. Mo ní kó gbé e fún ìyá rẹ̀ kó máa kó ẹ̀wà sí i. Lọ́kàn mi, mo ti ń rí àwọn ọkùnrin tó ń béèrè ọ̀gá, tí wọ́n wọlé tí wọ́n dúró sójú kan, tí ẹnu wọn ò lè pa dé. Mo ti fẹ́ kí wọ́n mọ̀ mí pẹ́. Èyí oníná ni mo rà.

Nígbà tí gbogbo èyí ń lọ, ọ̀fun ń dun bàbá ọkọ mi. Ilé kéwú Bàbá ti pẹ́ ní àdúgbò wa, àwọn tí Bàbá kọ́ ti bí ọmọ, àwọn ọmọ náà ti wá ké kéwú lọ́dọ̀ wọn. Wáàsí Bàbá wà nílẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, èmi náà ni mo ń tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọdé ní kéwú, ìyẹn yàtọ̀. Wọ́n ní orin kékeré kan fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, láti orí Alífù dé ìparí, àwọn fúnra wọn ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ọmọ tí ahọ́n rẹ̀ le bí irin, tó bá gbọ́ orin Áyínì lẹ́nu Bàbá, á pè é. Wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni gbà á sílẹ̀ rí. Wọ́n ní etí ọmọ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ láti ẹnu èèyàn tó wà láàyè.

Dókítà ní Ìbàdàn wá rí nǹkan tó hù sí Bàbá lọ́nà ọ̀fun. Ó ní àfi kí àwọn gé e kúrò, ẹ̀mí Bàbá ló wà níbẹ̀, àmọ́ kí a má retí ohùn mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin tí Bàbá fẹ́ fa ilé kéwú lé lọ́wọ́, ọmọ tí àwọn fúnra wọn kọ́, dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà pé kí n gba àwọn orin lẹ́tà náà sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti dákẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ omi, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Tí ọmọ bá ṣe ohun tí kò dáa, wọ́n á wò ó. Ìwọ̀nba ohùn tó kù, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́ fún iṣẹ́ yẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a máa lọ sí Ìbàdàn la fi í sí. Palọ̀ Bàbá nìkan ni sólà wà nínú agbo ilé wa, ni èmi àti ọkọ mi bá gbé kọ̀ǹpútà mi tuntun lọ síbẹ̀. Mo gbé e ka tábìlì, mo kọ gíláàsì rẹ̀ sí iwájú yàrá. Ẹ ò rí ìgbéraga! Mo tẹ̀ ẹ́ pé kó máa gba ohùn sílẹ̀, torí mo fẹ́ wo bí ohùn ṣe ń wọlé. Ibi tí mo wà nìyẹn tí àwọn ààfáà àgbà mẹ́ta fi wọlé láti kí Bàbá kú ìmúrasílẹ̀ ìrìn àjò. Ọ̀kan nínú wọn gun ọ̀kadà wá láti Olúpọ̀nnà. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọn ò tiẹ̀ gbọ́. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń wò.

Ààfáà Olúpọ̀nnà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Kí lèyí ń ṣẹ́jú sí wa báyìí? Ṣé kéwú la fẹ́ ké ni, àbí ijó la fẹ́ jó?"

Ìkejì ní, "Ilé ọtí ni wọ́n ti gbé nǹkan yìí wá." Ìkẹta yí àga wọn padà, wọ́n kọjú sí ògiri.

Ojú gbà mí tì. Mo ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá mi, màá pa á." Pa kí ni? Kò ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa iná náà nìkan, a sì nílò kọ̀ǹpútà fún ohùn Bàbá. Àfi kí n tú gíláàsì kúrò kí n fa okùn rẹ̀ yọ, ohun tí màá fi tú u sì wà ní yàrá mi lẹ́yìn. Ni mo bá ṣí ìborùn mi, mo fi bò ó. Háà! Ṣe ni iná náà ń gba inú aṣọ yọ, ó ń tàn, ó ń kú, bí ẹni pé nǹkan ẹlẹ́mìí ló ń mí lábẹ́ rẹ̀. Ààfáà Olúpọ̀nnà pariwo, "Aúsù bílláhì!" Èmi nìyí, láìní ìborùn, níwájú àwọn àgbà. Ká ní ilẹ̀ lanu lọ́jọ́ náà, ǹ bá kó sí i láìwẹ̀yìn. Mo gbọ́ tí ààfáà náà wá ní, "Àbí ẹ ò rí i? Obìnrin lẹ gbé irú iṣẹ́ báyìí lé lọ́wọ́."

Bàbá pàtẹ́wọ́. Wọ́n tún un pa. Kò sẹ́ni tó wojú wọn. Ni wọ́n bá lanu.

"Ẹ fi ìyàwó mi sílẹ̀."

A ti gbàgbé bí ohùn náà ṣe rí. Ọkọ mi ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́." Bàbá fọwọ́ lé e sẹ́yìn.

"Ẹ ní iná ń ṣẹ́jú. Ta ló ra iná tó ń ṣẹ́jú sára mọ́ṣáláṣí ní oṣù Rámádàánì? Ṣé ẹ̀yin ààfáà Olúpọ̀nnà kọ́? Ẹ̀yin tẹ gun àkàbà lọ so ó, tí a ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀?" Wọ́n wúkọ́, wọ́n tún bọ́ sí i. "Ẹ gbọ́ wáàsí mi lórí rédíò lọ́dún yìí, ẹ ní ohùn Ààfáà ṣì dá ṣáṣá. Ohùn wo? Ikọ́ ni mo ń wú. Ọmọ yìí ló ń jókòó tì í, tó ń ṣà á kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Kò sọ fún ẹnì kankan pé mò ń ṣàìsàn. Tó bá fẹ́ iná pupa, ó tọ́ sí i. Tó bá fẹ́ kó máa pariwo, ó tọ́ sí i. Ìyàwó mi ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ wò ó, kó dijú."

Ààfáà tó kọjú sí ògiri ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ti Olúpọ̀nnà náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n má bínú, pé eré ni àwọn ń ṣe. Èmi ń sunkún níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. Bàbá mu omi gbígbóná tí oyin wà nínú rẹ̀, wọ́n jókòó dáadáa, wọ́n fi ojú sọ fún mi pé kí a bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lanu fún Alífù. Atẹ́gùn ló jáde. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n di ọ̀fun mú, wọ́n mu omi sí i, wọ́n sinmi di ìrọ̀lẹ́. Atẹ́gùn náà ni. Ilẹ̀ mọ́, a gbé wọn lọ sí Ìbàdàn.

Iṣẹ́ abẹ yẹn yọrí sí rere, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bàbá ń jẹun, wọ́n ń rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ohùn kò padà.

Kí Bàbá tó dé ni mo ti fa okùn iná yẹn yọ. Nígbà tí wọ́n wọ palọ̀, wọ́n tọ́ka sí kọ̀ǹpútà, wọ́n ń la ìka, wọ́n ń pa á dé, títí mo fi mọ̀ pé iná ni wọ́n ń béèrè. Mo dá a padà. Ọkọ mi ti pín ọ̀rọ̀ Bàbá tí kọ̀ǹpútà gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà kiri orí fóònù, ó ti kárí Ìwó, wọ́n ti ń gbọ́ ọ ní Ilé-Ogbó. Tí mo bá ń kọjá lọ́jà, wọ́n á kí mi, "Ìyàwó Ààfáà, tó bá fẹ́ iná pupa, ó tọ́ sí i!" Wọ́n rò pé inú mi ń dùn. Àwọn tó ń béèrè ọ̀gá kò béèrè mọ́. Ohun tí mo fẹ́ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, n ò sì lè gbé ojú sókè. Bàbá fúnra wọn máa ń fọwọ́ sọ fún mi pé kí n tan ohùn náà fún àwọn. Wọ́n á gbọ́ ohùn ara wọn, èjìká wọn á máa mì fún ẹ̀rín, èmi á wo ilẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin tó gba ilé kéwú wá bá mi. Kò sí nílé lọ́jọ́ tí à ń wí yìí. Ó ní àwọn ọmọ ò rí Áyínì pè, pé òun ti kọ ọ́ lórin títí, kò jọ ti Bàbá. Ó ní òun mọ̀ pé èyí tí a pín kiri kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ẹ dákun, ìyá wa, ẹ fún mi ní ìyókù."

Mo ní kò sí ìyókù.

Ó ní, "Alífù nìkan náà ńkọ́?"

Mo ní, "Kò sí Alífù níbẹ̀. Èmi ni wọ́n fi gbogbo rẹ̀ gbèjà."