Ife Kọfí Tí Igbẹ́kọ̀yí Kọ́kọ́ Tọ́ Wò

Kí n má bù mọ́ ọn o: ewúrẹ́ tó bá gbóòórùn kọfí Igbẹ́kọ̀yí kì í sùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ogún ọdún ni ìyá àgbẹ̀ yìí fi gbìn ín lórí òkè lẹ́yìn Atakpamé, ní Togo, tí àwọn alágbàtà ń rà á lówó pọ́ọ́kú. Àfi bí Flora, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó wà ní yunifásítì, ṣe wá sọ pé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àwọn ń polówó ọjà tí kò rẹ́ àgbẹ̀ jẹ. Bí ọ̀gá ilé oúnjẹ yunifásítì náà bá fẹ́ràn kọfí náà, tirẹ̀ ni wọn yóò máa rà lọ́dọọdún.

Lọ́jọ́ ìpolówó ní yunifásítì, Igbẹ́kọ̀yí bu kọfí sí ife funfun fún ọ̀gá náà. Nílé wọn, ẹni tó bá gbé ohun mímu fún àlejò ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀ pé kò sí májèlé níbẹ̀. Ìyá kúnlẹ̀, ó fa kọfí ọ̀gá mu díẹ̀, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì na ife sí i.

Ọ̀gá fò sẹ́yìn bí ẹni rí ejò. "Ṣé itọ́ lẹ ń polówó níbí ni?"

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan kígbe pé, "Mama, ẹ bá wa jẹ búrẹ́dì wa náà ká tó jẹ ẹ́!"

"Ọ̀wọ̀ yín ni mo ń ṣe, ọ̀gá," ni ìyá wí lórí ìkúnlẹ̀. "Flora, ṣàlàyé fún wọn."

Flora ṣàlàyé lóòótọ́, ní èdè Faransé: "Ẹ má bínú, ará oko ni. N ò mọ ibi tó ti kọ́ ìwà ọ̀bùn yìí."

Faransé tí Igbẹ́kọ̀yí gbọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìyẹn.