Jagunjagun Tí Ọmọ Mi Gbẹ́ Sára Pákó

Thamesmead West nílùú òyìnbó la ń gbé nígbà tí ọmọ mi obìnrin ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní sixth form, kó tó wọ yunifásítì. Iṣẹ́ àwọn ará Japan àtijọ́ ló gbà á lọ́kàn. Wọ́n máa ń gbẹ́ àwòrán sàmúráì, àwọn jagunjagun wọn, sára pákó, wọ́n á fi yíǹkì kùn ún, wọ́n á tẹ bébà lé e lórí, àwòrán ogun á sì jáde. Ọmọ mi ní òun náà á gbẹ́ tòun. Orí tábìlì ìdáná ló ti ń ṣe é, èmi ni mò ń gbá èérún pákó.

Ọ̀bẹ tó fi ń gbẹ́ ẹ ló ń já mi láyà. Ládùúgbò wa, níbi tí àwọn ọmọ ti ń fi ọ̀bẹ gún ara wọn, ọ̀bẹ kì í ṣe ohun tí ọmọ ń gbé wọ bọ́ọ̀sì. Tó bá ti ń jáde, màá ní, "Ṣé o ò mú un dání?"

Baba rẹ̀ ò tíì rí pákó náà. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe ní Crossness, kó tó jí, ọmọ á ti palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó tètè jí, ó wá mu omi, ó sì bá ọmọ nídìí iṣẹ́: ojú ńlá méjì ranjú mọ́ ọn láti ara pákó, yíǹkì pupa níbi gbogbo.

"Ta ló gbé ère wọ inú ilé mi?"

"Kì í ṣe ère, Daddy. Coursework ni, iṣẹ́ ilé ìwé mi."

Baba rẹ̀ gbé pákó náà, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ọmọ fò dìde, ó dínà fún un.

"Gbé e sílẹ̀!"

"Èmi lò ń sọ 'gbé e sílẹ̀' fún?"

Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀. Baba rẹ̀ ti rí i ní tiẹ̀. Kò sẹ́ni tó mira. Ìrẹsì ń hó lórí iná, mi ò lè na ọwọ́ pa á.

"Ọ̀bẹ lo yọ sí mi?" Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ pátápátá.

Ọmọ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ju ọ̀bẹ náà sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó, ó bú sẹ́kún. Mo fi ẹsẹ̀ ti ọ̀bẹ náà sábẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ. Baba rẹ̀ dá pákó padà sórí tábìlì, ó jókòó.

"Kò ní sun inú ilé yìí mọ́jú," ló wí nígbẹ̀yìn.

"Èmi?" ni ọmọ béèrè.

"Pákó yẹn ni mò ń sọ. Ìwọ, níbo lo fẹ́ lọ?"

Nírọ̀lẹ́, mo fi táwẹ̀lì wé pákó náà, mo gbé e lọ sílé ọ̀rẹ́ mi kan ní Plumstead. Ibẹ̀ ni ọmọ ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí òun àti baba rẹ̀ tó bá ara wọn sọ ju "good morning" lọ.

Nígbà tí ilé ìwé ṣe àfihàn iṣẹ́ wọn, èmi nìkan ni mo lọ. Àwòrán náà wà lára ògiri: jagunjagun lórí ẹṣin, ọfà lára rẹ̀ káàkiri, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣubú, òun ò tíì wó. Ó ń wò mí. Mo fẹ́ yíjú kúrò.

"Mummy, ṣé ẹ̀rù ń bà yín?"

Mi ò fẹ́ parọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó dì mọ́ mi lójú àwọn tíṣà rẹ̀.

Nígbà tí a délé, baba rẹ̀ bi mí bóyá ó dáa. Mo ní kó lọ fojú ara rẹ̀ rí i. Kò lọ.