Ọ̀kadà Onítáyà Mẹ́ta Tó Gbé Ìyá Mi Dé Ọ̀rányàn

Òórùn irin tó ń jó ni èèyàn kọ́kọ́ máa ń gbọ́ tó bá ń ti Bẹẹrẹ bọ̀ síhà ilé wa, kó tó gbúròó jẹnẹrétọ̀ wẹ́dà àdúgbò wa, ẹni tó ń jó irin pọ̀, rárá. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju páànù mélòó kan lórí òpó igi lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú kìrìmù fún epo, ègé irin sì kún abẹ́ tábìlì rẹ̀. Bí agbolé wa ní Bẹ́yẹrúnkà ṣe rí nìyí: ọ̀nà tóóró tí mọ́tò kò lè wọ̀, ilé sì sún mọ́ ilé débi pé òrùlé wọn ń kan ara wọn. Ọ̀kadà ló ń dé ẹnu ọ̀nà wa, ọ̀kadà náà ni mo sì fi ń jẹun nígbà yẹn.

Ìyá mi ń kọ́ àwọn obìnrin ní kéwú ní mọ́sáláṣí kékeré kan ní Ọ̀rányàn, lọ́sọ̀ọ̀sán Sátidé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di ìyá àgbà kí wọ́n tó mọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ìyá mi yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn, egungun orúnkún rẹ̀ ọ̀tún sì fọ́. Egungun náà jiná lóòótọ́, àmọ́ ẹsẹ̀ yẹn kò ká mọ́. Kò lè wọ takisí, kò lè wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, kò sì lè gun ẹ̀yìn ọ̀kadà mi. Mo ní kí n máa pọ̀n ọ́n lọ. Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u.

"Èmi tí mo pọ̀n ọ́?" Ó yíjú sí ògiri.

Oṣù méje ni kò fi jáde nílé. Tó bá di ọ̀sán Sátidé, mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú yàrá: yóò ka gbólóhùn kan, yóò dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó ń retí kí àwọn kan gbè é, yóò sì tún ka òmíràn. Ìdákẹ́jẹ́ àárín yẹn ni mi ò lè fara dà.

Ọjọ́ kan tí mo lọ jó irin ìtẹsẹ̀ ọ̀kadà mi ni mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún wẹ́dà. Ó ṣí awò dúdú ojú rẹ̀ sókè. "Kò lè ká ẹsẹ̀. Ṣé ó lè nà án?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló wá sílé wa pẹ̀lú téèpù. Ó wọn ìyá mi níbi tó jókòó sí bíi télọ̀, ó wọn gígùn ẹsẹ̀ náà, ó sì wọn ọ̀nà tóóró wa láti ògiri dé ògiri. Àga gígùn kan ló fẹ́ ṣe, tí yóò ní táyà tirẹ̀, tí a ó sì jó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọ̀kadà mi. Kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún wa kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ṣe é, ó sì kùn ún ní ọ̀dà àwọ̀ ewé. Ó rẹwà! Àmọ́ wẹ́dà kọ̀ kí ìyá mi jókòó nínú rẹ̀. Àpò yanrìn tó wúwo tó ìyá mi ló gbé síbẹ̀, ó ní kí n lọ dán an wò. Kí n tó rìn jìnnà ni ọwọ́ ọ̀kadà náà ti wúwo bí ẹni ń fa àgbò tí kò fẹ́ lọ. Tí mo bá fún un níná, yóò fà mí sọ́tùn-ún. Tí mo bá tẹ bíréèkì, yóò jù mí sósì. Ní kọ́nà kan lẹ́bàá Bẹẹrẹ, mo yí ọwọ́ rẹ̀, kò yí tán, ó sì wọ gọ́tà. Àpò ya, yanrìn dà sílẹ̀. Mi ò fara pa, ṣùgbọ́n mo dúró, mo ń wo ibi tó yẹ kí ìyá mi jókòó sí.

Àwọn èèyàn pé jọ. Ẹnì kan ní mi ò mọ ọ̀kadà í gùn. Wẹ́dà sáré dé, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì gbóhùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́: "Ẹ má bú u o. Kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mi ò ṣe é dáadáa."

Baba kan wà ní Òkè-Àdó tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ awakọ̀, tí irú ọ̀kadà bẹ́ẹ̀ ti ayé àtijọ́ ń dípẹtà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Wẹ́dà ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, a lọ síbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí baba, ó sì wọ abẹ́ ọ̀kadà náà pẹ̀lú okùn, ó ń wọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbẹ́ lẹ ń wò," baba wí. "Iwájú rẹ̀ ni kí ẹ wò."

Ó wá hàn sí wa pé ẹsẹ̀ iwájú, ìyẹn irin tó di táyà iwájú mú, lára ọ̀kadà tí wọ́n so àga mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò rí bíi ti ọ̀kadà lásán. Irin kúkúrú méjì na táyà iwájú síwájú díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì gbòòrò. Èyí ló ń mú kó rọrùn láti yí. Wẹ́dà wọn irin náà àti ọwọ́ rẹ̀ kí a tó kúrò níbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gé ẹsẹ̀ iwájú ọ̀kadà mi kúrò, ó fi páìpù tó nípọn ṣe òmíràn, ó fi irin kúkúrú méjì àti ṣọ́kì tí kì í jẹ́ kó máa fò sí i, ó sì jó ọwọ́ tuntun. Ó tú àga náà pẹ̀lú, ọ̀dà tó ń dán yẹn bó, ó sì tún un dè kí táyà rẹ̀ lè tọ́ bákan náà pẹ̀lú táyà ẹ̀yìn ọ̀kadà. Àwọn tó ń kọjá ń bi í pé kí ló dé tó ń ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tí a tún máa dán an wò, kò gbé yanrìn. Òun fúnra rẹ̀ ló wọlé jókòó, ó na ẹsẹ̀. "Máa lọ. Tó bá máa gbé ẹnì kan ṣubú, èmi ni kó gbé ṣubú." A gun òkè Màpó, a sì sọ̀ kalẹ̀. Ìka méjì péré ni mo fi ń yí i.

Ní Sátidé, ìyá mi wọ híjáàbù funfun, ó ní "Bísímílláàhì", ó sì wọlé. Ní Ọjà'ba, àwọn oníṣòwò ń pariwo kí i. Ó kọ́kọ́ ń sọ fún mi pé kí n rọra. Nígbà tí a fi máa rí Ọ̀rányàn lọ́ọ̀ọ́kán, ó ní, "Ṣé bó ṣe lè sáré mọ nìyí?" Àwọn obìnrin rẹ̀ sáré jáde láìwọ bàtà. Ẹnì kan nínú wọn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún.

Ọdún mẹ́rin ló tún fi kọ́ wọn kí Ọlọ́run tó pè é. Mo ti fi ọ̀kadà gígùn sílẹ̀, fèrèsé onígíláàsì ni mo ń ṣe báyìí. Láìpẹ́ yìí, mo de fèrèsé mẹ́fà sílé oníbàárà kan. Ó yẹ̀ wọ́n wò, ó ní wọ́n dára, ó dúpẹ́. Èmi nìkan ni mo rí i pé ọ̀kan wọ́ díẹ̀. Mo ti ń palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́ kí n tó rántí wẹ́dà. Mo pè é padà, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, èyí kò dáa. Èmi ni mi ò ṣe é dáadáa." Mo sì gun àkàbà, mo tú u.