Ọjọ́ Tí Ọmọ Atukọ̀ Náà Wá sí Thamesmead

Ọjọ́ tí ọmọ atukọ̀ kan wá kí Daddy Walter ní Thamesmead, ní London, ni n kò lè gbàgbé láyé mi.

Èmi ni mò ń tọ́jú Daddy Walter nígbà náà. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, ó ti lé lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún. Ìyàwó tó fẹ́ ní Woolwich ló mú kó dúró sí London. Nígbà ogun Hitler, ọkọ̀ ojú omi tó wà nínú rẹ̀ gbiná. Atukọ̀ kan wọ inú èéfín lọ gbé e jáde, ó tún padà lọ gbé ẹlòmíràn, kò sì jáde mọ́. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà kan ọkọ̀ ogun tuntun tó ń sin àwọn ọkọ̀ ẹrù kọjá òkun, orúkọ atukọ̀ yẹn ni wọ́n fi sọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Daddy kò jẹun.

"Èmi ni kò jẹ́ kí ọmọ atukọ̀ yẹn ní bàbá," ló sọ fún mi. "Kí ni mo fẹ́ wí?"

"Daddy, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ jókòó ná."

Bí ọmọ atukọ̀ náà, ìyá arúgbó kan, ṣe wọlé, Daddy tí kì í dá dìde fọwọ́ ti àga, ó sì dìde dúró ṣánṣán.

"Ọmọ oṣù mẹ́ta ni mí nígbà tí bàbá mi kú," ni ìyá náà wí. "Mi ò mọ ohùn rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ gbọ́ ọ. Kí ló sọ fún yín?"

"Ó ní, 'Di ọrùn mi mú, má fi í sílẹ̀ o.'"

Ìyá náà dì mọ́ ọn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

N kò rí atukọ̀ náà rí, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ sọ ọkọ̀.