Ìbọn Tí Mo Gbẹ́ Fún Èjìká Òsì

Níbikíbi tí mo bá ti gbóòórùn òróró línsíìdì tí a fi ń pa igi, Pápá Àjàó ni ọkàn mi máa ń sá lọ, sí ìsọ̀ ọ̀gá mi tó wà létí gọ́tà, níbi tí eruku igi ọ̀gànwó ti máa ń bà lé wa lórí títí irun wa á fi pọ́n bíi ti ẹni tó lé làálì. Ìwọ náà mọ bí àdúgbò yẹn ṣe rí nígbà náà. Wẹ́dà ń sun irin lápá ọ̀tún wa, àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀dì onírin ń lu òòlù lápá òsì, bí èèyàn bá sì fẹ́ bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀, àfi kó pariwo. Ogun abẹ́lé ti parí, owó epo ti ń wọ̀lú, gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ ìjọba ní Súrùlérè ló fẹ́ àga onítìmùtìmù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fìrídọ̀m lẹ́nu iṣẹ́ káfíńtà ni, ṣùgbọ́n mi ò tíì lówó ìsọ̀ tèmi, ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ni mo ṣì ti ń ṣiṣẹ́. Ìwé tí mo kà ò ju alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, ìyẹn gan-an mi ò kà á débi tó lórúkọ. Igi ni mo mọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì wá bá wa láti Yábàá. Ọkùnrin kúkúrú ni, ó wọ ṣòkòtò kakí tí wọ́n lọ̀ débi pé ìlà ẹ̀ lè gé búrẹ́dì, ó sì fi ọwọ́ òsì gbé àpótí pákó gbọọrọ kan dání. Ó gbé e lé orí bẹ́ǹṣì, ó ṣí i, ni gbogbo wa bá fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbọn ni. Ọ̀gá mi kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dè.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ o, ìyàwó méjì ni mo ní."

Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó fa ìwé àṣẹ ọlọ́pàá yọ nínú àpò àyà ẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ síwájú wa. Ìbọn ológun àtijọ́ ni, ọ̀kan lára àwọn tí wọn ò lò mọ́. Wọ́n ti tún inú ẹ̀ ṣe kí wọ́n tó tà á, tó fi jẹ́ pé ọta kékeré ti eré ìdárayá nìkan ló lè gbà. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ máa ń lọ sí pápá kan lẹ́bàá ọ̀sà ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n á máa yìnbọn sí àmì tí wọ́n yà sára bébà. Àmọ́ ó ti ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ ní Ojúẹlẹ́gba, egungun èjìká ọ̀tún ẹ̀ sì ti jinná ní wíwọ́. Apá òsì nìkan ló lè fi gbé ìbọn mọ́ra báyìí, bẹ́ẹ̀ ẹni gíga tó ń fi ọ̀tún yìnbọn ni wọ́n gbẹ́ igi ìdí ìbọn náà fún. Bó bá gbé e sí òsì, ṣe ló máa ń yẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀gá tó ń ṣe àkóso pápá ti kìlọ̀ fún un pé kó wá igi tó bá ara ẹ̀ mu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó má wá mọ́. Ẹni tí kò bá sì ní pápá tó ń lọ mọ́, ọlọ́pàá ò ní sọ ìwé àṣẹ ẹ̀ di tuntun, wọ́n á gba ìbọn ẹ̀.

"Látìgbà tí ìyá àwọn ọmọ mi ti lọ," ó ní, "ibẹ̀ nìkan ni mo máa ń wà tí mi ò kì í ronú."

Ọ̀gá mi wò mí. "Ìwọ tó o gba fìrídọ̀m, iṣẹ́ ẹ dé."

Tíṣà wá ka òfin fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ kíláàsì kìíní. Ó ní igi ni mo lè fọwọ́ kàn, mi ò gbọdọ̀ fi fáìlì tàbí ayùn kan irin. Ọ̀pá ìbọn ò gbọdọ̀ kúrú ju bó ṣe wà lọ, nọ́ńbà ara ẹ̀ ò sì gbọdọ̀ parẹ́. Irin kan wà tí wọ́n ń fà sẹ́yìn láti ti ọta wọlé, ọkàn ìbọn ló ń pè é, ó ti tì í mọ́ inú àpótí nílé. Kò sì lè fi ìyókù sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, torí orúkọ òun nìkan ló wà nínú ìwé. Ọ̀sọ̀ọ̀sán ló ń gbé e wá, á jókòó sórí àpótí ìṣó, á máa wo ọwọ́ mi, bó bá di ìrọ̀lẹ́ á gbé e lọlé. Mi ò tíì rí oníbàárà tó ń jókòó ti iṣẹ́ ẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Àdúgbò ò gbádùn ẹ̀ kékeré. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ á kọjá, á ní, "Tíṣà, ṣé àwọn tí ò mọ ìsodipúpọ̀ lẹ fẹ́ lọ yìnbọn fún ni?" Wẹ́dà náà yọjú, ó wo gígùn ìbọn náà, ó pòṣé.

"Ẹ gbé e wá, bàbá, kí n gé ẹnu ẹ̀ dànù. Á fúyẹ́, á ṣe é gbé sábẹ́ agbádá."

"Bó o bá gé e," Tíṣà dá a lóhùn, "èmi àti ìwọ la jọ máa jẹ ẹ̀wà ẹ̀wọ̀n. Ṣé o fẹ́ràn ẹ̀wà?"

"Mi ò fẹ́ràn ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, sà." Ó sì padà sídìí iná ẹ̀.

Pákó ọ̀gànwó kan wà lókè àjà wa tó ti gbẹ títí tó fi ń dún bí agogo tí èèyàn bá kàn án. Òun ni mo lò. Mo fi okùn wọn Tíṣà láti ìtẹ̀sí ìgúnpá dé ìka tó fi ń yìnbọn, mo wo ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ẹ̀ máa sinmi lé, mo gbẹ́ ẹ, mo fi àfọ́kù ìgò fá a, mo fi òróró línsíìdì pa á láti àárọ̀ dé alẹ́ títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi gbóná. Ìgbà tó kù ibi tí ọ̀pá irin máa sùn sí nínú igi, Tíṣà tẹ̀ síwájú díẹ̀.

"Àwọn ará pápá ní kó o jẹ́ kí ọ̀pá yẹn rí àyè díẹ̀ nínú igi o."

"Tíṣà, ẹ fọkàn balẹ̀. Iṣẹ́ mi ni."

Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ. Ṣé o rí i, ohun tí ọ̀gá mi ti fi bọ́ mi láti kékeré ni pé bí èékánná bá ráyè wọ ibi tí nǹkan méjì ti pàdé, onígi ti tẹ́ nìyẹn. Mo ní kí ni ẹni tó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé máa wá kọ́ mi nípa igi? Mo jẹ́ kí igi náà gbá irin mọ́ra bí awọ ara. Nígbà tí ọ̀gá mi rí i, ó fi èékánná yẹ̀ ẹ́ wò, kò wọlé, ó sì mi orí pé ó dáa. Mi ò rántí ìgbà mìíràn tó mi orí bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ mi.

Tíṣà ní kí n bá òun lọ sí pápá lọ́jọ́ Sátidé. Ṣáàtì ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wọ̀, mo sì gbé àpò irinṣẹ́ mi kọ́ èjìká. Sójà dá takisí wa dúró lójú ọ̀nà, ó ka ìwé, ó ṣí àpótí, ó wá fọwọ́ ra igi náà lọ ra á bọ̀. "Ta ló ṣe é?" Tíṣà nawọ́ sí mi, orí mi wú.

Ọ̀gá pápá jẹ́ sájẹ́ńtì tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ohùn ẹ̀ nìkan tó àsíá pupa tí wọ́n ta sókè láti fi hàn pé ìbọn ń dún. Ó yẹ nọ́ńbà wò, ó wọn ọ̀pá, ó ní kò dín. Ó ní kí Tíṣà gbé e mọ́ra. "Ó jókòó bí ọmọ ẹ̀yìn ìyá ẹ̀," ló wí. Àwọn ọta àkọ́kọ́ ba àárín bébà. Àmọ́ bí oòrùn ṣe ń mú, tí irin sì ń gbóná, ihò tó ń lu bébà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó ń gòkè bí èèrà tó ń gun ògiri, títí ọ̀kan fi kúrò lára bébà pátápátá.

"Ẹ dúró!" Sájẹ́ńtì yọ ọkàn ìbọn náà, ó fa bébà fẹ́lẹ́ kan ya, ó fẹ́ kó gba àárín irin àti igi kọjá. Kò kọjá. "Ta ló gbẹ́ èyí? Àga ló ń kàn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?" Àwọn ẹgbẹ́ Tíṣà bú sẹ́rìn-ín. "Irin tó bá gbóná máa ń wú, èyí ti há a lọ́rùn. Bàbá, ìbọn tí mi ò mọ ibi tí ọta ẹ̀ ń lọ, mi ò lè gbà á ní pápá mi."

Tíṣà ò wo ọ̀dọ̀ mi. "Èmi ni mo ní kó ṣe é bẹ́ẹ̀," ó ní.

Ẹni tó ti fi ẹgba na ọmọ ọlọ́mọ títí irun ẹ̀ fi funfun, nítorí irọ́, òun ló dúró níwájú ẹgbẹ́ ẹ̀ tó ń purọ́ nítorí mi. Títí dòní, ibẹ̀ yẹn máa ń dùn mí. Bí mo bá ti gbọ́ràn sí i lẹ́nu ni, ojú ì bá má tì í rárá.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, sà," mo sọ fún Sájẹ́ńtì. "Tíṣà kìlọ̀ fún mi. Èmi ni mo ṣorí kunkun."

Sájẹ́ńtì wò mí láti òkè délẹ̀. "Irinṣẹ́ ẹ dà?"

"Ó wà ńbí, sà."

"Bí bébà yìí bá kọjá kí n tó sọ àsíá kalẹ̀, màá tún un wò. Bí kò bá kọjá, kí bàbá máa gbé e lọ."

Tíṣà fúnra ẹ̀ tú irin kúrò, ó gbé igi nìkan fún mi lórí tábìlì wọn. Mo fi ẹ̀dú kun abẹ́ ọ̀pá, mo ní kó tẹ̀ ẹ́ padà sínú igi, ibi tí dúdú bá ti yọ ni mo ń fá. Ibi tí ọ̀gá mi mi orí sí gan-an ni mo ń bàjẹ́. Ó dà bíi kí n máa fi ọwọ́ ara mi yọ eyín ara mi. Tíṣà mú tirẹ̀ mọ́ irin, èmi mú tèmi mọ́ igi, nígbà tí òógùn sì fẹ́ kán sórí iṣẹ́, áńkáṣíìfù ẹ̀ ló fi nù mí lójú.

Bébà náà kọjá bí ẹni tó ń gba ọ̀nà ilé bàbá ẹ̀. Tíṣà tún dọ̀bálẹ̀ sídìí ìbọn, ó yìn ín títí irin fi gbóná janjan, àwọn ihò náà ò sì kúrò lójú kan, àtẹ́lẹwọ́ lè bo gbogbo wọn. Sájẹ́ńtì já bébà wá, ó nà án sí i. "Bàbá, ẹ máa bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀." Tíṣà ń yí bébà náà padà lọ́wọ́ ẹ̀, tojú tẹ̀yìn.

Ni Sájẹ́ńtì bá pè mí. "Ìwọ kò fẹ́ gbé e mọ́ra wò? Kò sọ́ta nínú ẹ̀, onílé wà ńbí, èmi náà wà ńbí." Mo gbé e sí èjìká ọ̀tún mi. Igi náà gbá mi ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó kúrú fún mi lápá, ojú mi ò tilẹ̀ débi tí ó yẹ kó ti máa wo àmì. Mo yí i sí òsì, kò sàn. Wọ́n tún fi mí rẹ́rìn-ín, èmi náà sì ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo àga tí mo ti kàn ṣáájú ọjọ́ yẹn, ìdí ẹnikẹ́ni ló lè gbà, ẹni tó bá sì lówó ló ni ín. Èyí, ẹnì kan ṣoṣo ló bá mu láyé, kò sì lè bá ẹlòmíràn mu, kódà kò bá èmi tí mo gbẹ́ ẹ mu. Mo ti ní ìsọ̀ tèmi báyìí, mo sì ti ṣe iṣẹ́ tó dán ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí igi yẹn kọ èjìká mi lójú gbogbo wọn ni mo tó mọ̀ pé mo ti gba fìrídọ̀m lóòótọ́.