Ìgbálẹ̀ Tí A Fi Ń Gbá Ipa Ẹsẹ̀ Ìjàpá Òkun

Ojú ìwé kẹtàdínlógún nínú ìwé àyẹ̀wò àyíká tí àwọn tó ń kọ́ ilé ìtọ́jú omi ẹ̀gbin gbé jáde ni gbólóhùn náà wà. Mo kà á nínú ọkọ̀ ojú omi, mo tún un kà nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, mo wá túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá onílé mi: "Láàárọ̀ gbogbo tí a fi yẹ etíkun yìí wò, a kò rí ipa ẹsẹ̀ ìjàpá òkun kankan."

Ìyá onílé mi dá ọwọ́ dúró lórí àgbọn tó ń rin. Ó wo ìgbálẹ̀ tó fara ti ògiri.

"Tíṣà," ó ní, "àwa náà la gbá a dànù."

Òótọ́ ni, òótọ́ náà sì dùn mí ju irọ́ wọn lọ.

Ọmọ Èkìtì ni mí. Iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé mi dé Badagry. Mo kọ́kọ́ gbé ní Aradagun, ṣùgbọ́n ariwo ọ̀nà márosẹ̀ lé mi kúrò, mo sì gba yàrá kan ní abúlé tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun. Ọmọ Ẹ̀gùn ni ìyá onílé mi, opó tó ń ṣe òróró àgbọn. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ dé, àwọn ìjàpá òkun máa ń gòkè wá yé ẹyin sínú yanrìn. Ipa tí wọ́n ń fi sílẹ̀ dà bí ìgbà tí ènìyàn wọ́ táyà ọkọ̀ ńlá láti inú omi wá sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Àwọn olè ẹyin mọ̀ ọ́n. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, wọ́n á gun alùpùpù wá, wọ́n á tọ ipa náà dé ìdí ẹyin, wọ́n á hú gbogbo rẹ̀. Nítorí náà ni ìyá ìyá onílé mi ṣe kọ́ ọ pé kó máa ṣáájú wọn débẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ àgbọn, kó máa fi ẹ̀yìn rìn láti ìdí ẹyin títí dé eteetí omi, kó máa gbá ipa náà rẹ́.

Ìyá onílé mi náà ló kọ́ mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi.

"O ń gbá a bí ẹni tó ń gbá àgbàlá! Olè á rí i pé ènìyàn gbá ibí. Ṣe é bí afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ kì í gbá nǹkan tààrà."

Mo kọ́ ọ, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe débi pé àwọn tó wá yẹ etíkun wò, tí wọn kì í dé kí oòrùn tó yọ, kò rí nǹkan kan.

Kí ó yé ènìyàn: mi ò bá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ẹnikẹ́ni jà. Àwọn ilé tuntun tó wà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ibi tí omi ẹ̀gbin wọn ń lọ. Mo mọ ibi tó ń lọ lónìí, inú ọ̀sà tí a ti ń pẹja ni. Ilé ìtọ́jú omi ẹ̀gbin tí wọ́n ń kọ́ yìí wúlò. Ẹjọ́ mi ni pé páìpù rẹ̀ gba orí ibi tí ìjàpá ń yé sí kọjá lọ sínú òkun, àkókò tí wọ́n ń yé gan-an ni wọ́n sì mú láti gbẹ́ ilẹ̀. Wọ́n ti ro ìtàkùn tó di yanrìn mú kúrò. Wọ́n ń fi katakata tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n tan iná ńlá, wọ́n kọjú rẹ̀ sí etíkun, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ni ọmọ ìjàpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ń tẹ̀ lé, ibi tí omi ti ń dán ló yẹ kó lọ, kì í ṣe ìdí iná wọn. Òfin ilẹ̀ yìí dáàbò bo ẹranko yìí. Kí òfin má baà dí wọn lọ́wọ́, wọ́n kọ ọ́ pé ẹranko náà kò sí.

Mo gbé ìwé náà lọ bá ẹnjiníà wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ ni, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

"Ẹ káàbọ̀, màdáámù. Ìjàpá kankan ò wá sí ìpàdé wa o."

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Òru ló ń wá," mo ní. "Kí àwọn ènìyàn yín tó dé láàárọ̀, a ti gbá ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ nítorí olè."

"Ẹ̀yin fúnra yín? Ẹ wá ń bá wa jà pé a ò rí ohun tí ẹ gbá dànù?" Ó pa ìwé náà dé. "Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá láti ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí àyíká fi ojú ara rẹ̀ rí ipa kan, màá dá katakata dúró. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ Ajé la ó gbẹ́ ibẹ̀."

"Ẹ̀bìtì tí ò peku, ẹ fẹyìn fẹ́lẹ́yìn," mo ní. "Bí àyẹ̀wò yín ò bá rí nǹkan, ẹ dá etíkun wa padà fún wa."

Nígbà tí mo sọ fún ìyá onílé mi pé a ò ní gbá ipa tó bá tún yọ, ó túbọ̀ ń fi agbára rin àgbọn ọwọ́ rẹ̀.

"O fẹ́ kí n ṣí ilẹ̀kùn fún olè, kí yòvó lè rí inú ilé."

Yòvó, òyìnbó, ló ń pe gbogbo ẹni tó bá wọ bàtà rìn lórí yanrìn, bó tilẹ̀ dúdú bí aró.

"Màmá, bí a bá gbá a, katakata á hú u. Bí a kò bá gbá a, a lè ṣọ́ ọ."

Ní ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta, a bá ipa tuntun kan láàárín òpó tí wọ́n fi sàmì sí ojú ọ̀nà páìpù gan-an. Mo pe ọ̀gá ọ́fíìsì àyíká. Ó ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé lòun lè dé. Afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ yanrìn wọnú ipa náà. Ìyá onílé mi wọlé, ó kó gbogbo ẹní ilé jáde, títí kan èyí tó ń sùn lé, ó tẹ́ wọn bo ipa náà, ó fi èèpo àgbọn tẹ etí wọn mọ́lẹ̀. Obìnrin tó ti ń pa ipa yìí rẹ́ láti kékeré! Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sí ìdí ẹyin, ó ń rin àgbọn rẹ̀ níbẹ̀, yanrìn ń dà sínú abọ́. Àwọn ọkùnrin apẹja ilé kejì gba òru lọ́wọ́ wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, alùpùpù kan dé, ènìyàn méjì lórí rẹ̀.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí lẹ ń ṣọ́?"

"Ojú rẹ ni mò ń ṣọ́, kí n lè júwe rẹ̀ fún ìyá rẹ. Kọjá."

Wọ́n kọjá.

Lọ́jọ́ Ajé, katakata ti ń kù kí ọ̀gá náà tó sọ̀kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ojú omi, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. A ká ẹní náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kúnlẹ̀, ó fi okùn wọn ipa náà, ó ya fọ́tò. Ó wá kọ ìwé pé kí katakata dúró títí ẹyin yóò fi pa, kí wọ́n kọjú iná kúrò ní etíkun, kí wọ́n sì tún ojú ọ̀nà páìpù yẹ̀ wò.

Ẹnjiníà ní, "Nítorí ìjàpá ẹyọ kan?"

"Ẹyọ kan náà ni ìyá tìrẹ bí lọ́jọ́ tó bí ọ," ìyá onílé mi dáhùn. Kò gbé ojú sókè.

Ojú ìwé kẹtàdínlógún ṣì wà níbẹ̀. Àtúnyẹ̀wò lè gbè wá, ó sì lè gbè wọ́n. Mo ti kọ lẹ́tà mẹ́ta pé kí wọ́n yọ gbólóhùn náà, mo ti ń kọ ẹ̀kẹrin. Ní ìdájí báyìí, ìwé àti okùn ló máa ń ṣáájú ìgbálẹ̀ dé etíkun. Mo ń wọn ipa náà, mo ń ya fọ́tò, mo ń kọ ibi tó wà sílẹ̀. Ìyá onílé mi á dúró tì mí, ìgbálẹ̀ lábẹ́ apá, á máa wo ọ̀nà tí alùpùpù ń gbà.

"Tíṣà, ṣé o ti kọ ọ́ tán?"

"Mo ti kọ ọ́, Màmá."

Ìgbà yẹn ni yóò tó bẹ̀rẹ̀, tí yóò yíjú sí ìdí ẹyin, tí yóò máa fi ẹ̀yìn rìn lọ sí omi.